Ìjà Nínú Agbo Pẹ́pẹ́yẹ: Èwo Ni Ká Fi Sílẹ̀, Èwo Ni Ká Dá Sí?

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ OṢÙ YÌÍ

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí kò kan owó tí à ń dá, kò sì kan owó tí à ń yá. Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ la fẹ́ sọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá rìn láti Òkè Gádà dé Owódé ní ìlú Ẹdẹ wa yìí yóò rí pẹ́pẹ́yẹ ní ojúde púpọ̀. Òmíràn wà fún títà, owó ìwé ọmọ ló wà lára rẹ̀. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ilé ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń gbé e kiri bí ọmọ ọwọ́, wọn ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi se ọbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ti títà, bó bá jẹ́ ti ìfẹ́, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wa ń rò: "Wọ́n ń ja ara wọn." Ọ̀kan ń lé èkejì nídìí oúnjẹ. Ọ̀kan ti fá orí bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀, nítorí wọ́n ti fa ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ tu tán. Abo tó sàba ti sá kúrò lórí ẹyin. Bí kò bá tètè yanjú, ìjà ẹyẹ a di ìjà ènìyàn. Wọ́n á ní akọ ti ilé kejì ló ṣe abo ti ilé kìíní léṣe, ẹni tó ni akọ á ní ta ló ní kí ẹ má so tiyín mọ́lẹ̀, àwọn tó ti ń bá ara wọn bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní kí ara wọn mọ́.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ipò kò burú, ìyà ló burú. Àwọn ẹyẹ fúnra wọn ló ń to ara wọn sí ipò, kò sì sí ohun tí a lè fi dá a dúró. Ṣùgbọ́n níbi tí ipò bá ti di ìyà, ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ àwa tí à ń sìn wọ́n. Lára àwo oúnjẹ tí a gbé kalẹ̀, lára ibi tí a fi wọ́n sí, àti lára iye akọ tí a kó jọ ni ìyà náà ti sábà máa ń wá.

1. IRÚ ẸYẸ WO NI PẸ́PẸ́YẸ WA?

Èyí tó pọ̀ jù ní àdúgbò wa ni pẹ́pẹ́yẹ tó ní ẹran pupa gúlúgúlú lójú, èyí tí Òyìnbó ń pè ní Muscovy. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ìhà gúúsù àti ti àárín ló ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń sìn ín nílé kí Òyìnbó tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ funfun tí ń pariwo, tó jẹ́ pé ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sìn ín. Ẹyin tiwa ń lò tó ọjọ́ 35 lábẹ́ ìyá kó tó pa. Ẹyin ti funfun ń lo 28 péré. Bí akọ irú kan bá gun abo irú kejì, ọmọ tí wọ́n bá bí kì í bímọ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ìbaaka tí ẹṣin bí fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ohun mẹ́ta wà lára pẹ́pẹ́yẹ wa yìí tí ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ìjà wọn gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ìkíní, akọ tóbi ju abo lọ púpọ̀. Akọ tó dàgbà sábà máa ń wúwo tó abo méjì. Nítorí náà, bí akọ bá jókòó lé abo lẹ́yìn, ẹrù gidi ni.

Ìkejì, ẹyẹ tí kì í pariwo ni. Akọ kò ní ohùn, ó kàn ń mí fùù, fùù ni. Adìyẹ méjì bá ń jà, gbogbo ilé á gbọ́. Pẹ́pẹ́yẹ lè jìyà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ lẹ́yìn ilé, kí a má gbọ́ nǹkan kan. Ojú la fi ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe etí.

Ìkẹta, èékánná rẹ̀ mú, eegun apá rẹ̀ sì le. Èékánná ló fi ń ya ẹ̀yìn ẹlòmíràn, apá ló fi ń gbá a. Ọgbẹ́ tó wà lábẹ́ ìyẹ́ kì í tètè hàn.

2. BÍ WỌ́N ṢE Ń TO IPÒ

Ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè kan tó ń jẹ́ Thorleif Schjelderup-Ebbe ló kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ ipò láàrin ẹyẹ ilé sílẹ̀ lọ́nà tó yé gbogbo ayé. Adìyẹ ló fara balẹ̀ wò, ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní èdè Jámánì ní ọdún 1922. Ó rí i pé adìyẹ kan wà tó lè fẹnu gún gbogbo ìyókù, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ gún un padà. Ìkejì lè gún gbogbo wọn, àfi ti iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò títí dé orí èyí tó kẹ́yìn, tí gbogbo wọn ń gún, tí òun kò sì rí ẹni gún.

Pẹ́pẹ́yẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn kò le tó ti adìyẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí wa, àbí? Nínú agboolé, a mọ ẹni tó jẹ́ baálé, a mọ ìyáálé, a mọ ìyàwó tó dé gbẹ̀yìn. Ọjọ́ tí ìyàwó wọlé la fi ń mọ àgbà rẹ̀. Ti pẹ́pẹ́yẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára, ìtóbi àti ìgboyà ni wọ́n fi ń mọ àgbà, ipò náà sì ń yí padà. Abo tó wà lẹ́yìn pátápátá ní oṣù tó kọjá, jẹ́ kó kó ọmọ jáde, wàá rí i tí yóò máa lé akọ sá. Bí àwọn ọmọ bá dàgbà tán, ó lè padà sí ààyè rẹ̀ àtijọ́.

Iṣẹ́ wo wá ni ipò ń ṣe? Ìjà ló ń dín kù. Bí olúkúlùkù bá ti mọ ẹni tó yẹ kó yà fún, kò sí ìdí fún wọn láti máa jà ní ojoojúmọ́. Ọ̀kan á kàn gbé orí sókè, èkejì á yà, ó tán. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi igi lé wọn nígbà gbogbo tí wọ́n bá ti gbé ìyẹ́ orí dìde, ó ń bá iṣẹ́ wọn jẹ́ ni. Wọn ò ní rí ọ̀rọ̀ náà yanjú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní kété tó bá kẹ́yìn sí wọn.

3. ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ IPÒ YÀTỌ̀ SÍ ÌYÀ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tí kò lẹ́ṣẹ̀. Ìyẹ́ orí á nà ró, orí á máa lọ síwájú, á máa bọ̀ sẹ́yìn, ìrù á máa mì. Ọ̀kan á lé èkejì ní ìṣísẹ̀ mélòó kan, á dúró. Nígbà mìíràn wọ́n á fi àyà kan àyà, apá á dún pàpàpà, kò ní pẹ́, ọ̀kan á yíjú sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á padà sídìí oúnjẹ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹyẹ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, irú èyí lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó rọlẹ̀.

Ìyà ní àmì tirẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ má ṣe dúró:

(a) Ẹ̀jẹ̀. Ibikíbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, ìyókù lè máa gún ojú ibẹ̀ láìdẹ́kun.

(b) Orí tàbí ẹ̀yìn ọrùn tó pá. Ibẹ̀ ni akọ ń fẹnu dì mú nígbà tó bá fẹ́ gun abo. Bó bá ti pá, akọ ti pọ̀ jù.

(d) Ẹyẹ kan tó ń dá dúró ní kọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo ìyókù ń jẹun, tí kì í wá síbi omi àfi bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

(e) Ẹyẹ méjì tàbí mẹ́ta tó ń pawọ́ pọ̀ lé ẹyọ kan.

(ẹ) Akọ tó ń tẹ orí abo bọ omi. Pẹ́pẹ́yẹ lè kú sínú omi báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyẹ omi.

(f) Eegun àyà tó yọ. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní alẹ́ tí wọ́n bá ti wọlé, ẹ fi ọwọ́ kan àyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyẹ tó ń jẹun, ẹran á wà ní ọ̀tún àti òsì eegun náà. Bó bá mú bí ẹnu ọ̀bẹ, ẹyẹ yẹn ò rí oúnjẹ jẹ, tàbí kó jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn. Àìsàn máa ń fa ìyà. Ẹyẹ tí ara rẹ̀ kò le kì í lè gba ara rẹ̀, ìyókù sì tètè ń mọ̀. Nítorí náà, ká tó dájọ́ fún ẹni tó ń gún un, ẹ jẹ́ ká yẹ ẹni tí wọ́n ń gún wò: ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

4. OHUN TÓ Ń SỌ IPÒ DI ÌYÀ

Àwo kan ṣoṣo. Àgbà pẹ́pẹ́yẹ lè dúró ti àwo kan kó lé gbogbo ìyókù. Kò lè dúró ti àwo mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò kà sí. Pẹ́pẹ́yẹ ò lè gbé oúnjẹ gbígbẹ mì dáadáa láìsí omi. Bó ti ń jẹ ni yóò máa sáré lọ mumi. Bí ẹyẹ kan bá dínà omi mọ́ ẹlòmíràn, ó ti dínà oúnjẹ mọ́ ọn náà nìyẹn, bí èèrí tilẹ̀ kún ilẹ̀.

Ibi tó há, tí kò sì ní kọ̀rọ̀. Ẹyẹ tí wọ́n lé gbọ́dọ̀ rí ibi yà sí. Bí ojúde bá tẹ́jú gbalaja, tí kò sí ohun tó lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó ń lé e á máa rí i ṣáá, kò sì ní yé lé e.

Ìtẹ́ kan fún abo púpọ̀. Abo méjì tó bá ń yé sójú kan á máa ti ara wọn. Ẹyin á fọ́, èyí tó kù á sì pọ̀ ju ohun tí ìyá kan lè fi ara bò lọ.

Akọ tó pọ̀ jù. Èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn. Akọ pẹ́pẹ́yẹ kan tó fún abo mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí akọ bá pọ̀ ju èyí lọ, ọ̀nà méjì ni ìyà gbà ń wá: àwọn akọ á máa ja ara wọn, gbogbo wọn á sì tún máa gun àwọn abo díẹ̀ náà léraléra, títí ẹ̀yìn wọn á fi bó. Bí kò bá sí abo tó tó, akọ lè kọjú sí adìyẹ. Èyí léwu gan-an. Àkùkọ kò ní nǹkan ọkùnrin tó ń wọ inú abo, akọ pẹ́pẹ́yẹ sì ní in. Ó lè ba inú abo adìyẹ jẹ́, kó sì pa á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí akọ pẹ́pẹ́yẹ máa sùn sínú ilé kan náà pẹ̀lú adìyẹ.

5. ÌṢIRÒ TÍ A KÌ Í ṢE

Ẹ̀yin ará wa, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́. Ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ilé mẹ́rin ló wà nínú agboolé kan, tí ojúde wọn jẹ́ ọ̀kan. Ilé kìíní ní abo 3 àti akọ 2. Ilé kejì ní abo 2 àti akọ 1. Ilé kẹta ní abo 2 àti akọ 2. Ilé kẹrin ní abo 2 àti akọ 1.

Bí ẹ bá bi ilé kọ̀ọ̀kan léèrè, wọ́n á ní tiwọn ò pọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Ta ló máa bá ẹni tó ní akọ kan ṣoṣo jà? Ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ ò mọ ilé kìíní yàtọ̀ sí ilé kejì. Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, agbo kan ṣoṣo ló wà lójúde: abo 9, akọ 6. Abo 9 kò nílò ju akọ 2 lọ. Akọ 4 ló lé. Àwọn mẹ́rin yìí ló ń tu ìyẹ́, àwọn ló ń lé ìyá kúrò lórí ẹyin, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lè sọ pé tòun ni.

Ẹ wo ohun tó ń bá a lọ. Bí abo kan bá sàba lé ẹyin 12, tó ti tó ọjọ́ 25, tí akọ wá ń lé e kiri títí ẹyin fi tutù, ẹyin 12 ti lọ nìyẹn, ọjọ́ 25 ti lọ, gbogbo oúnjẹ tí a fún un kó tó yé ti lọ. Ó di ìgbà tó bá tún jẹun tó tún yé kó tó tún sàba. Akọ tí a kò fẹ́ tà nítorí pé ó tóbi, tó sì lẹ́wà, ti jẹ owó ọmọ pẹ́pẹ́yẹ 12 mọ́ wa lọ́wọ́.

Nítorí náà, iye ojúde la fi ń ka pẹ́pẹ́yẹ, kì í ṣe iye olówó. Ẹnì kan kò lè dá yanjú ìjà tí ilé mẹ́rin kó jọ. Ìpàdé ló lè yanjú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Kí àwọn tí ojúde wọn pọ̀ jókòó pọ̀, kí wọ́n ka abo, kí wọ́n ka akọ. Kí wọ́n yan akọ tí yóò kù. Kí wọ́n má wo títóbi nìkan. Kí wọ́n mú èyí tí kì í ṣe abo léṣe, tí kò sì jẹ́ ọmọ àwọn abo náà. Olówó akọ tó kù á tà á, á sì kó owó rẹ̀ sápò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí akọ tirẹ̀ kù lójúde ni yóò máa bọ́ ọ. Bí abo ilé mìíràn bá kó ọmọ jáde, kí wọ́n yọ ọmọ kan fún un. Ká sì kọ àdéhùn yìí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun ò gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ta akọ rẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, kò burú. Kó wá ibi ọ̀tọ̀ fún un. Akọ mélòó kan lè gbé pọ̀ láìsí wàhálà púpọ̀, bí wọn ò bá rí abo láàrin wọn.

6. OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍLÉ

Oúnjẹ àti omi. Ẹ pín oúnjẹ sí àwo púpọ̀, ó kéré tán àwo kan fún ẹyẹ mẹ́ta, kí wọ́n sì jìnnà síra. Kí omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan. Kò di dandan kó jẹ́ odò Ọ̀ṣun. Bàsíà tó jìn tó kí ẹyẹ lè ti orí bọ̀ ọ́, kó fọ ojú àti imú rẹ̀, ti tó. Ewébẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ fún wọn, ẹ so ó mọ́ igi ní ibi méjì mẹ́ta. Wíwá a jẹ á gba ọwọ́ wọn.

Kọ̀rọ̀. Ògbólógbòó páànù, pákó tí a fi ti ògiri, agbọ̀n tó ti ya, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ẹ tò wọ́n kí ẹyẹ tí wọ́n ń lé lè pòórá lójú ẹni tó ń lé e. Kí kọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà méjì, kí wọ́n má baà há a mọ́ ibẹ̀.

Ìtẹ́. Kí abo kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ sàba ní ibi tirẹ̀, níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, tí akọ kò ní máa gbà kọjá. Ẹ fi èédú sàmì sí ẹyin tó ti wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí kò lámì lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn ló wá yé e. Ẹ mú un kúrò. Bí ọmọ bá jáde, ẹ ya ìyá àti ọmọ sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí pé àgbà mìíràn lè pa ọmọ.

Ẹni tó ń fìyà jẹ ọ̀gbà. Ta ló yẹ ká mú kúrò, ẹni tó ń lù ni tàbí ẹni tí wọ́n ń lù? Ọ̀pọ̀ wa máa ń mú ẹni tí wọ́n ń lù. Bí kò bá ní ọgbẹ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá pẹ́ níta, ó di àjèjì. Lọ́jọ́ tó bá padà, ìyà rẹ̀ á tún pọ̀ sí i. Ẹni tó ń lù ni kí ẹ mú kúrò fún bí ọ̀sẹ̀ kan, níbi tí kò ti ní rí wọn. Ìyókù á tún ara wọn tò láìsí i. Nígbà tó bá fi máa padà, òun ló di àlejò. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ tà á.

Ẹni tó ní ọgbẹ́. Ẹ gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi omi iyọ̀ tí a ti sè tó sì ti tutù fọ ojú ọgbẹ́ náà. Ẹ má fi kẹrosíìnì sí i, ẹ má sì fi òróró ẹ́ńjìnnì sí i. Ẹ fi í síbi gbígbẹ lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, níbi tó ti lè máa rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn ò sì lè kàn án. Bó bá ń rí wọn, wọn ò ní gbàgbé rẹ̀. Ẹ lé eṣinṣin fún un. Bí ọgbẹ́ bá jìn, tàbí tó ń rùn, ẹ pe dókítà ẹran ọ̀sìn.

7. BÍ A BÁ RA ẸYẸ TUNTUN

Ẹyẹ tí a rà lọ́jà, ká má kó o tààrà lọ sínú agbo. Kó kọ́kọ́ dá wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ní ibi tó jìnnà sí ti ilé. Kì í ṣe nítorí ìjà nìkan. Ní oṣù kejì ọdún 2006, wọ́n rí àìsàn lùkúlùkú ẹyẹ tó le kan ní oko adìyẹ kan ní Jájí, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí i nílẹ̀ Áfíríkà, àìsàn náà sì tàn káàkiri orílẹ̀-èdè wa. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sára láìfi hàn, kó sì kó o ran adìyẹ. Ẹyẹ ọlọ́jà tó dá wà fún oṣù kan kò gba ààyè púpọ̀. Agbo tó kú tán kò ṣeé rà padà lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ti ilé àti ti àlejò máa wo ara wọn. Ẹ ra méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan bí owó bá gbà á; ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo ìyà á dá lé lórí. Lọ́jọ́ tí ẹ máa dà wọ́n pọ̀, ẹ tún páànù àti pákó ojúde tò, kí ibẹ̀ dà bí ibi tuntun sí gbogbo wọn. Ẹ fọ́n oúnjẹ káàkiri. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ wà nílé, kí ẹ lè máa wò wọ́n títí di alẹ́.

8. OHUN TÍ KÒ DÁRA

Kí ẹnikẹ́ni má fi òkò bá àgbà pẹ́pẹ́yẹ wí. Kò mọ ohun tí òkò náà wà fún. Ìjayà ló máa kó bá gbogbo agbo. Kí ẹnikẹ́ni má fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Okùn á wọ inú ẹran, ẹyẹ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ò sì lè sá fún ẹlòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má gé ẹnu rẹ̀. Ẹnu yẹn ló fi ń wá oúnjẹ nínú omi, òun ló sì fi ń tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ èékánná ló gùn jù, ẹ rẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ má kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà.

ỌRỌ̀ ÌPARÍ

Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Pẹ́pẹ́yẹ ò gbọ́ òwe yìí. Kò sí ọjọ́ tí àgbà pẹ́pẹ́yẹ máa yó tán tó máa sọ pé kí ti kọ̀rọ̀ wá jẹ. Àwa tí à ń jẹ́ alájẹṣẹ́kù ló yẹ ká bá a wẹ̀yìn: ká gbé àwo kejì kalẹ̀, ká fi kọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò lágbára, ká sì bá aládùúgbò wa ka iye akọ tó wà lójúde kí ọ̀rọ̀ tó di ẹjọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍPÀDÉ

1. Abo mélòó, akọ mélòó ló wà ní ojúde yín, bí ẹ bá ka ti gbogbo ilé pọ̀?

2. Èwo nínú àwọn pẹ́pẹ́yẹ yín ló ń jẹun gbẹ̀yìn? Ìgbà wo lẹ fọwọ́ kan eegun àyà rẹ̀ kẹ́yìn?

3. Bí ilé mẹ́rin bá fẹ́ fi akọ méjì ṣe àjọni, kí ló yẹ kó wà nínú àdéhùn wọn? Bí akọ náà bá kú ńkọ́?

4. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹyẹ tó ń to ipò àti ẹyẹ tó ń fìyà jẹ ẹlòmíràn? Kí olúkúlùkù sọ àmì méjì méjì.

Kí ẹni tó bá ṣírò tojúde rẹ̀ mú iye náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ire o.